Iye Owó Méjì Lórí Pẹpẹ Kan: Bí Káàdì Sùpámákẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Mú Oníbàárà Náwó Sí I

Ẹni tó bá wọ ọ̀kan nínú àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ọjà ló ní iye owó méjì lórí pẹpẹ kan náà. Ọ̀kan, tí wọ́n sábà máa ń kọ ní lẹ́tà kékeré, ni ti ẹni tó kàn wọlé láti ìta; èkejì, tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí bébà aláwọ̀ yẹ́lò tàbí elésè àlùkò, ni ti ẹni tó ní káàdì ilé ìtajà náà tàbí áàpù rẹ̀ lórí fóònù. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ pẹ́nsì díẹ̀ lórí búrẹ́dì, ó sì lè tó pọ́ùn mélòó kan lórí ọṣẹ ìfọṣọ, kọfí tàbí òróró. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàdì náà. Nítorí náà, ó lè dà bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀: ẹni tó gba káàdì jẹ èrè, ẹni tí kò gbà á ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pàdánù. Bí àwọn ilé ìtajà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀ bí a bá ń wo ọjà kan ṣoṣo. Àmọ́ apẹ̀rẹ̀ la máa ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó, kì í ṣe ọjà kan ṣoṣo, iye tó bá sì wà ní ìsàlẹ̀ rìsíìtì lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀dínwó ti parí ló ń fi iṣẹ́ tí wọ́n dá káàdì náà sílẹ̀ fún hàn.

Fífún oníbàárà ní nǹkan kí ó lè padà wá ti wà tipẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní ìlú Rochdale ní 1844 máa ń pín èrè fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí kálukú rà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń ra ọjà náà ló tún ni ilé ìtajà, owó tó sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ owó rẹ̀ gan-an. Ohun tó wá gbòde lẹ́yìn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1958 ni Richard Tompkins gbé sítáǹpù tí wọ́n ń pè ní Green Shield jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí oníbàárà bá ti ń náwó ni yóò máa gba sítáǹpù, yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìwé kan, bí ìwé bá sì kún tó, yóò fi gba ohun èlò ilé. Tesco, ọ̀kan nínú àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pín sítáǹpù yìí ní 1963, ó sì jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 1977, nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbà pé owó tí wọ́n ń ná lé e lórí yóò ṣe wọ́n láǹfààní jù bí wọ́n bá fi dín iye ọjà kù. (Argos, ilé ìtajà tí kò sí ọmọ Yorùbá ìlú London tí kò mọ̀ ọ́n, láti inú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi sítáǹpù yẹn gba ẹ̀bùn ló ti dìde ní 1973.)

Àléébù ńlá kan ni sítáǹpù ní lójú oníṣòwò: kò mọ ẹni tó gbà á. Ìyá ilé tó fi gbogbo oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan kún apẹ̀rẹ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọlé wá ra sìgá, bákan náà ni wọ́n rí sí i. Àléébù yìí ni Clubcard, káàdì Tesco tó ń fún oníbàárà ní pọ́ìntì bó bá ti ń náwó, wá tún ṣe. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1995 ni Tesco gbé e jáde káàkiri, lẹ́yìn ìdánwò tí tọkọtaya kan, Clive Humby àti Edwina Dunn, bá wọn ṣe ní ìwọ̀nba ṣọ́ọ̀bù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ ìdánwò náà síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí, Ian MacLaurin tó jẹ́ alága nígbà náà sọ pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ nípa àwọn oníbàárà òun láàárín oṣù mẹ́ta ti ju ohun tí òun fi ọgbọ̀n ọdún mọ̀ lọ. Lọ́dọ̀ Sainsbury's, tó jẹ́ aṣíwájú ọjà nígbà yẹn, wọ́n fi Clubcard ṣe yẹ̀yẹ́ pé sítáǹpù Green Shield tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ lásán ni. Kí ọdún 1995 tó parí, Tesco ti gba ipò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Sainsbury's, kò sì tíì dá a padà títí di òní. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Sainsbury's gbé káàdì tirẹ̀ náà jáde. Ní 2002 ó bọ́ sínú ètò pọ́ìntì tí wọ́n ń pè ní Nectar, tó wá rà pátápátá ní 2018. Safeway wà lára àwọn ńlá tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà yìí: ó pa káàdì rẹ̀ tì ní 2000, ó ní òun yóò kúkú fi owó rẹ̀ dín iye ọjà kù. Orúkọ Safeway ti parẹ́ báyìí lójú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ káàdì nìkan ló fà á.

Ní ti pọ́ìntì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pọ́ùn kan tí ènìyàn bá ná ní Tesco ń mú pọ́ìntì kan wá, pọ́ìntì kan sì jẹ́ pẹ́nsì kan bí wọ́n bá fi ra ọjà níbẹ̀. Ìdílé tó ń ná £100 lọ́sẹ̀ yóò ná £5,200 lọ́dún, pọ́ìntì tí yóò kó jọ kò sì ní ju £52 lọ. Ti Nectar tilẹ̀ kéré sí i ní Sainsbury's, nítorí pé 500 pọ́ìntì ló ń di £2.50, ìdílé kan náà yóò rí £26. Lóòótọ́, Tesco gbà kí ènìyàn fi pọ́ìntì rẹ̀ gba nǹkan ní ilé oúnjẹ tàbí ibi ìgbafẹ́ tó bá a dòwò pọ̀, níbi tí pọ́ìntì ti máa ń níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n ń kà á tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2023 ni wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Iye tí pọ́ìntì jẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó fi fúnni, ẹni tó kó o jọ kò ní ohùn níbẹ̀.

Ní ọjà wa nílé, bí ìyá alátà bá wọn ata tán, yóò tún bu díẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí èènì. Ó ti wà nínú ọ̀rá kí oníbàárà tó kúrò lórí àtẹ, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ oníbàárà náà sílẹ̀. Pọ́ìntì jọ èènì lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n kò lè wúlò àfi bí ẹni tó ni ín bá padà wá ra nǹkan mìíràn, inú ìwé ilé-iṣẹ́ ni ó sì ń gbé títí di ìgbà náà. Lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún ni Tesco máa ń sọ pọ́ìntì di ìwé ẹ̀dínwó tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn oníkáàdì, ìwé náà sì ní ọjọ́ tí yóò kú: ọdún méjì. Mi ò rò pé ó ṣòro láti rí ìdí tí ọjọ́ tí ìwé wọ̀nyí bá dé fi máa ń jẹ́ ọjọ́ tí èrò ń rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Owó kékeré tó wà nínú àpòòwé máa ń fa owó ńlá tó wà nínú àpò jáde.

Ṣùgbọ́n pọ́ìntì kọ́ ni iṣẹ́ náà gan-an. Ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ka káàdì, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, wákàtí tí wọ́n rà á àti ẹ̀ka ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á yóò lọ sábẹ́ orúkọ ẹnì kan. Agboolé tó ju ogún mílíọ̀nù lọ ló ní Clubcard, ó sì ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó tí Tesco ń pa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba orí káàdì náà kọjá. Láti inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Ìlédìí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń tóbi sí i ń sọ ọjọ́ orí ọmọ. Ohun tí kò sí nínú apẹ̀rẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀ ju èyí tó wà níbẹ̀ lọ: bí ẹnì kan bá ń ra gbogbo oúnjẹ ilé rẹ̀ níbì kan, tí kò sì ra ọṣẹ ìfọṣọ rí láàárín oṣù mẹ́fà, kò túmọ̀ sí pé kì í fọ aṣọ, ibòmíràn ló ti ń rà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀dínwó ọṣẹ ìfọṣọ ránṣẹ́ sí. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń ra ọṣẹ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìyẹsẹ̀ lè má rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀, nítorí pé kò sídìí láti sanwó fún ohun tí yóò ṣe lọ́nàkọnà. Ẹni tó bá rò pé wọ́n ń san òun lẹ́san nítorí pé òun jẹ́ oníbàárà àtàtà kò tíì rí ìdí ètò náà. Ìwà tí wọ́n ń fẹ́ kí ó hù, tí kò tíì máa hù, ni wọ́n ń sanwó fún.

Èyí tó hàn gbangba jù nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni ti òdiwọ̀n: «ná £40, kí o gba ẹ̀dínwó £5.» Nọ́ńbà ogójì yẹn kì í sábà jẹ́ ti gbogbo ayé. Ká ní ẹnì kan máa ń ná nǹkan bíi £32 bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ẹ̀dínwó tó sọ pé kí ó ná £30 kò wúlò fún ilé ìtajà, nítorí pé owó ni wọ́n kàn fún un. Èyí tó sọ pé kí ó ná £80 kò wúlò pẹ̀lú, nítorí pé yóò jù ú sígbó ni. Ogójì ló bá a mu: ó jìnnà díẹ̀, kò sì jìnnà jù. Ẹni náà yóò fi £8 ra nǹkan mélòó kan kún un, bísíkíìtì, wáìnì, ìpápánu ọmọ, yóò wá san £35, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun gba £5. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé owó tó jáde lápò rẹ̀ fi £3 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tó rà kún un yóò wúlò nílé, bí ó bá jẹ́ ìrẹsì tàbí tòmátì inú agolo tí kò ní bàjẹ́, a jẹ́ pé ó jèrè lóòótọ́. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ohun tí wọ́n máa dà nù ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, tàbí ohun tí wọ́n máa jẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà kìkì nítorí pé ó wà nílé, £5 náà kò sí níbì kankan.

Ní 2024, Tesco tún gbé ọ̀nà yìí lọ síwájú nípa ohun tó pè ní Clubcard Challenges, ìyẹn ìpèníjà tí ẹ̀rọ olóye àtọwọ́dá ń ṣètò fún oníkáàdì kọ̀ọ̀kan láti inú ìtàn ohun tó ti ń rà. Wọ́n fi ogún ìpèníjà síwájú ẹni tí wọ́n bá yàn, wọ́n ní kí ó mú mẹ́wàá nínú rẹ̀, bí àpẹẹrẹ kí ó ná iye kan lórí oúnjẹ tí wọ́n ń yan níta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú ìlérí pé pọ́ìntì tó lè kó jọ yóò tó £50 bí ó bá parí wọn. Àmì kan ń gùn sókè lójú fóònù bí owó ṣe ń wọlé. Ọmọ tó ń gbá géèmù mọ irú àmì bẹ́ẹ̀ dáadáa, ohun tó sì ń mú ọmọ náà jókòó ti géèmù rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tó ń mú ìyá rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù kí oṣù tó parí.

Àwọn onímọ̀ ti tọ ipa èyí tipẹ́. Láti àwọn ọdún 1930 ni Clark Hull, ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi eku dán an wò nínú ọ̀nà tóóró tí oúnjẹ wà ní òpin rẹ̀, tó sì rí i pé eku ń sáré sí i bó bá ti ń sún mọ́ oúnjẹ. Ní 2006, Joseph Nunes àti Xavier Drèze tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Wọ́n pín káàdì 300. Ìdajì àwọn oníbàárà gba káàdì tó ń fẹ́ àmì mẹ́jọ kí wọ́n tó lè fọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdajì yòókù gba èyí tó ń fẹ́ mẹ́wàá, àmọ́ wọ́n ti bá wọn tẹ àmì méjì sí i tẹ́lẹ̀. Ìgbà mẹ́jọ náà ni kálukú gbọ́dọ̀ sanwó, kò sí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí káàdì alámì mẹ́jọ, ìdá 34 sì parí ti mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá ti fi sójú ọ̀nà kì í fẹ́ yà kúrò. Ìdí nìyí tí áàpù sùpámákẹ́ẹ̀tì kò fi ní ṣí sí òdo bí ó bá lè ṣe é: ẹ̀bùn kékeré kan yóò ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ènìyàn bá forúkọ sílẹ̀.

Títí di nǹkan bí ọdún 2019, pọ́ìntì àti ìwé ẹ̀dínwó káàdì jẹ́ àfikún lórí iye owó tí gbogbo ènìyàn ń san bákan náà. Ọdún yẹn ni Tesco bẹ̀rẹ̀ sí í lo iye owó tí ó jẹ́ ti oníkáàdì nìkan, tó sì ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Sainsbury's tẹ̀ lé e pẹ̀lú Nectar Prices ní oṣù Kẹrin 2023, lákòókò tí owó oúnjẹ ń gbówó lórí lọ́nà tí a kò rí irú rẹ̀ láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Lójú tèmi, ìyípadà yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn káàdì láti 1995. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí òun ń jẹ lè kọ káàdì sílẹ̀, kí ó sì pàdánù pẹ́nsì kan lórí pọ́ùn kan. Báyìí, owó kíkọ̀ náà ti ga débi pé ìwọ̀nba ènìyàn ló lè dá a san. A kò lè sọ pé ẹni tó fi àkọsílẹ̀ ilé rẹ̀ lélẹ̀ nítorí kí ó má baà san ìdá kan nínú márùn-ún lé owó oúnjẹ rẹ̀ ṣe é tinútinú.

Ìfura wá dìde pé ńṣe ni wọ́n ń gbé iye owó aláìníkáàdì sókè kí ti oníkáàdì lè dà bí ẹ̀dínwó. Which?, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, gbé ọ̀rọ̀ náà dìde léraléra, ó sì fẹ̀sùn kan Tesco ní 2023 pé kì í kọ iye tí kílò kan tàbí lítà kan ń jẹ́ sára iye owó Clubcard, èyí tí kò jẹ́ kí ènìyàn lè fi ìgò ńlá wé ìgò kékeré. Tesco gbà láti máa kọ ọ́. Ní oṣù Kìíní 2024, CMA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀. Nǹkan bí 50,000 ọjà tó wà lórí ẹ̀dínwó oníkáàdì ni wọ́n yẹ̀ wò ní Tesco, Sainsbury's, Waitrose, Co-op àti Morrisons. Àbọ̀ tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún náà sọ pé ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún lára wọn ló jẹ́ ẹ̀dínwó tòótọ́ bí wọ́n bá fi wé iye tí ṣọ́ọ̀bù kan náà ń ta ọjà náà tẹ́lẹ̀, pé ẹ̀dínwó náà sì wà láàárín ìdá 17 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpíndọ́gba. Bẹ́ẹ̀, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi léèrè ló gbà pé wọ́n ń gbé iye owó sókè fún aláìníkáàdì.

Ó yẹ ká gba àbọ̀ yìí bó ṣe rí. Ẹ̀sùn pé ẹ̀tàn gbáà ni gbogbo rẹ̀ kò dúró, ẹni tó bá sì ń sọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn àbọ̀ náà ní láti mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí «ẹ̀dínwó tòótọ́» ń wọ̀n: ó ń fi iye ọjà kan wé iye ọjà kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. CMA fúnra rẹ̀ sọ pé iye owó oníkáàdì kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ èyí tó kéré jù nígboro, ó sì gba àwọn ènìyàn níyànjú kí wọ́n wo ibòmíràn. Aldi kò ní káàdì kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ó máa ń wà lára àwọn tí apẹ̀rẹ̀ ọjà wọn dínwó jù. Ìbéèrè kejì tún wà lẹ́yìn ti iye owó: ṣé ẹni náà ìbá ra ọjà yẹn rárá bí bébà yẹ́lò kò bá sí lára rẹ̀? Rìsíìtì lè kọ iye tí káàdì yọ kúrò, ó tilẹ̀ ń fẹ́ràn láti kọ ọ́ gbàgàdà. Iye tí káàdì fi kún un kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àwọn tó ń ṣe ọjà náà tún wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Àkọsílẹ̀ láti orí káàdì ni wọ́n fi ń ta àyè ìpolówó fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ, ohun mímu àti oúnjẹ inú páálí: Tesco ń ṣe é nípasẹ̀ dunnhumby, ilé-iṣẹ́ tí Humby àti Dunn dá sílẹ̀, tí Tesco ti rà pátápátá, Sainsbury's ń ṣe é nípasẹ̀ Nectar360. Ilé-iṣẹ́ ohun mímu kan lè sanwó kí ìpolówó rẹ̀ hàn sí kìkì àwọn tó ń ra ti alábàádíje rẹ̀, kí ó sì wá rí bóyá wọ́n yí padà. Nítorí náà, oníbàárà nìkan kọ́ ni sùpámákẹ́ẹ̀tì ń tajà fún mọ́. Òun náà ti wà lórí àtẹ.

Àwọn tí ètò náà ń yọ sílẹ̀ ni wọn kì í sábà rántí. Láti forúkọ sílẹ̀, wọ́n á béèrè àdírẹ́sì àti ímeèlì, àwọn kan nínú wọn kì í sì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ iléèwé ń ra oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá kàwé tàbí láti wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tó ń gbé lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ títí yóò fi rí yàrá gbà, ló máa ń san owó tó ga jù ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kéré jù. Ìyá tó wá láti Ìbàdàn láti bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó kò ní áàpù, fóònù rẹ̀ sì lè má gbà á. Nínú àwọn ìdílé wa, wọ́n ti wá ojútùú tiwọn sí i: nọ́ńbà káàdì ẹnì kan ni gbogbo ẹbí ń lò, ẹni tó ń ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún òde ìsọmọlórúkọ á lo ti ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á sì rí i pé wọ́n ń fi ẹ̀dínwó ọtí ẹlẹ́rìndòdò ránṣẹ́ sí òun tí kì í mu ún fún oṣù tó tẹ̀lé e. CMA sọ nínú àbọ̀ rẹ̀ pé kí àwọn ilé ìtajà túbọ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, àgbàlagbà àti àwọn tí kò ní fóònù ìgbàlódé.

Òfin ti ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2025, òfin tuntun lórí ọjà orí ẹ̀rọ, ìdíje àti oníbàárà ti fún CMA lágbára láti fúnra rẹ̀ bu owó ìtanràn tó lè dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ kan ń pa kárí ayé, láìkọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́, bí ó bá ṣi oníbàárà lọ́nà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2025, ní England, àwọn ilé ìtajà tó tóbi kò gbọ́dọ̀ ṣe «ra ọ̀kan, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́» tàbí «mẹ́ta ní iye méjì» mọ́ lórí oúnjẹ àti ohun mímu tí ọ̀rá, ṣúgà tàbí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ríra ẹyọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni òfin yìí ń bá jà. Bí wọ́n bá kàn dín owó páálí kan kù fún oníkáàdì, òfin náà kò kàn án, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ọ̀pọ̀ owó ìpolówó náà yóò sá lọ. Ẹjọ́ kan tó ná Tesco lówó lórí Clubcard kò tilẹ̀ bá oníbàárà tan: Lidl, sùpámákẹ́ẹ̀tì mìíràn, ló pè é lẹ́jọ́ pé òbírí yẹ́lò tó wà nínú igun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù tó fi ń polówó Clubcard Prices jọ àmì òun. Ilé Ẹjọ́ Gíga dá Lidl láre ní 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta 2024, ni Tesco bá ní láti pààrọ̀ àmì náà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kò sí ẹni tí mo lè gbà níyànjú pé kó fa káàdì rẹ̀ ya. Pẹ̀lú bí iye owó ṣe rí báyìí, ara rẹ̀ nìkan ni yóò fìyà jẹ. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ènìyàn mú nọ́ńbà kan ṣoṣo, ìyẹn àròpọ̀ owó oúnjẹ oṣù, kí ó máa fi oṣù kan wé èkejì, kí ó sì gbàgbé iye tí rìsíìtì sọ pé òun gbà. Kí ó wo iye kílò kan, nítorí páálí ńlá tí ẹ̀dínwó wà lórí rẹ̀ ṣì lè wọ́n ju páálí kékeré tí kò ní. Bí ìwé ẹ̀dínwó bá ní òdiwọ̀n, ohun tí kì í bàjẹ́, tí ó sì wà nínú ìwé ìràjà tẹ́lẹ̀, ni kí ó fi kún un, àbí kí ó jẹ́ kí ìwé náà kú.

Ọ̀nà kan tún wà tí ìwọ̀nba ènìyàn ló ń lò. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ní lọ́wọ́ nípa rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn láàárín oṣù kan. Ẹni tó bá kọ̀wé sí sùpámákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gba àkọsílẹ̀ ohun tó ti rà lórí káàdì náà pẹ̀lú ọjọ́ àti iye rẹ̀. Ó lè wá wo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ìwé ẹ̀dínwó kan àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀lé e, kí ó ṣírò iye tó ná ní ìgbà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i ti ṣe lọ́jọ́ tó pẹ́.